Bí Mo Ṣe Gbin Koropọ̀ sí Ẹ̀yìn Ilé ní Kubwa

Lágbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo ti dàgbà, kò sí ẹni tó ń gbin koropọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ààtàn àti àárín oko ilá ló máa ń hù sí fúnra rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ tètè dé ló ń já a jẹ, ẹni tó bá sì ń roko a gé e mọ́ èpò. Ìdí nìyí tí ẹ̀rín fi pa àwọn ará ilé nígbà tí mo ní mo fẹ́ ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún un ní Kubwa, l'Abuja. Ìyá Ìbejì tó wà ní yàrá tó kọjú sí tiwa ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ata ló wọ́n tó bẹ́ẹ̀ ni, àbí tòmátì?" Mo ní koropọ̀ gan-an ló wọ́n, torí mi ò tíì rí ẹni tó pàtẹ rẹ̀ lọ́jà Kubwa rí.

Ẹbí kan náà lòun àti tòmátì, ata, ìgbá àti ẹ̀fọ́ odù. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é ni Physalis angulata. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó móoru ló ti ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti di onílé lọ́dọ̀ wa. Ó ní ìbátan kan, Physalis peruviana, tó wá láti àwọn òkè Peru, tí wọ́n máa ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ńláńlá lókè òkun. Ìyẹn fẹ́ràn ibi tó tutù, ooru Abuja kò sì ní bá a lára mu. Tiwa kò ní wàhálà kankan pẹ̀lú oòrùn, ìyẹn ni mo sì ṣe yàn án.

Ẹni tí kò bá dá a mọ̀, igi rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wò. Kò dán yíká bíi ti tòmátì, ó ní igun tí ọwọ́ ń bà, ètí ewé rẹ̀ sì ṣe gánnagàna. Òdòdó rẹ̀ kéré, ó pupa rúsúrúsú bí ìyeyè tí kò pọ́n tán, ó sì ń tẹrí ba. Bí òdòdó bá ti rẹ̀, èèpo aláwọ̀ ewé tó wà nídìí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, á bo èso náà mọ́lẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú ìlà wẹ́wẹ́ lára. Inú ibẹ̀ ni èso wà, ó tú u lára, àfi bí ọmọdé tó wọ agbádá bàbá rẹ̀.

Lọ́nà Ushafa, lágbègbè Bwari, ni mo ti rí hóró tí mo gbìn. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà náà. Ìyá Gbagyi kan ń ti oko bọ̀, ó gbé igi ìdáná lé èjìká bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọn kì í gbé ẹrù lórí. Koropọ̀ kún etí oko iṣu rẹ̀, púpọ̀ nínú èso rẹ̀ ló ti já bọ́ sílẹ̀. Mo kí i ní Hausa, mo sì tọrọ díẹ̀. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní kí n kó gbogbo rẹ̀, pé ó ti sú òun láti máa hú u.

Èyí tó ti já bọ́ fúnra rẹ̀ nìkan ni mo ṣà, torí inú èyí tó gbó dáadáa ni hóró tó péye ti ń wá. Nílé, mo bó èèpo rẹ̀, mo fún èso náà sínú ife omi, mo bò ó títí di ọjọ́ kejì. Hóró tó dára rì sísàlẹ̀, ìdọ̀tí àti ẹran èso léfòó. Mo ń da omi òkè nù, mo ń bu tuntun sí i, títí omi fi mọ́. Lẹ́yìn náà ni mo sá a sórí àwo tánganran níbi tí oòrùn kò ti ní ràn án tààrà. Ẹ má sá a sórí bébà o. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ ó sì máa fi èékánná họ ọ́. Èso kan ṣoṣo lè ní hóró tó lé ní ọgọ́rùn-ún, nítorí náà ẹni tó bá ṣa ẹ̀kúnwọ́ kan ti ní irúgbìn tó lè tó àdúgbò.

Oṣù Kẹta ni mo dà á, kí òjò tó dé, nínú páálí ẹyin tí mo bu ilẹ̀ tí mo sẹ́ sí. Hóró koropọ̀ kéré gan-an, ó sì fẹ́ ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ kó tó lè hù, nítorí náà mi ò rì í mọ́lẹ̀. Mo fọ́n ọn sójú ilẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, mo wọ́n ilẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e lórí. Mo lu ihò sí ọmọrí ike omi, òun ni mo fi ń wọ́n omi sí i, torí omi tí wọ́n bá fi ife dà á gbá gbogbo hóró jọ sí igun kan. Ooru Oṣù Kẹta tí gbogbo wa ń sá fún l'Abuja ni koropọ̀ ń fẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ó ti ń yọrí. Abẹ́ igi máńgòrò ni páálí náà wà, kí oòrùn ọ̀sán má bàa jó o. Bí ilẹ̀ bá tutù jù ní ìpele yìí, ọrùn ọmọ ewéko á rọ, á sì ṣubú lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ jẹ́ kí ojú ilẹ̀ gbẹ díẹ̀ kí ẹ tó tún wọ́n omi.

Òjò àkọ́rọ̀ kì í ṣe òjò tí wọ́n ń gbára lé ní Abuja. Ó lè rọ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú Oṣù Kẹrin kó sì fi ọ̀sẹ̀ méjì sinmi, kí oòrùn tún máa jó ilẹ̀ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo dúró kí òjò fìdí múlẹ̀ kí n tó lọ́ ọ, nígbà tí ewé rẹ̀ ti tó mẹ́rin márùn-ún. Ìrọ̀lẹ́ ni mo lọ́ ọ, kí ó lè fi òru sinmi. Mo rì í títí dé abẹ́ ewé àkọ́kọ́, torí igi rẹ̀ máa ń ta gbòǹgbò bíi ti tòmátì, mo sì fi àyè bíi ẹsẹ̀ bàtà méjì sáàárín ara wọn. Ó dà bíi pé àyè náà pọ̀ jù nígbà tó kéré. Bó bá tàn tán, ẹ ó rí i pé kò pọ̀.

Ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé wa pupa, òkúta wẹ́wẹ́ sì kún inú rẹ̀. Mo ra àpò ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ kan lọ́wọ́ àwọn tó ń pè é ní taki, mo fi díẹ̀ po ilẹ̀ ihò kọ̀ọ̀kan, ó parí síbẹ̀. Èyí ló yàtọ̀ sí tòmátì jù lọ, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́. Koropọ̀ tí ajílẹ̀ bá pọ̀ fún á ga, ewé rẹ̀ á dúdú minijọ, ẹni tó bá kọjá á yìn ín, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ kò ní tó nǹkan. Ilẹ̀ tó tẹ́ ẹ lọ́rùn níwọ̀nba ló ń so lé lórí. Mo gbin díẹ̀ sínú ike ọ̀dà tí mo lu ní ìdí, ìyẹn náà sì so, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òùngbẹ rẹ̀ pọ̀ ju ti ilẹ̀ lọ.

Nígbà tí òjò bá dá, mai ruwa, ẹni tó ń ta omi kiri, ló ń gbà wá. Mo ń dá omi rẹ̀ sí ìdí igi láàárọ̀, kì í ṣe sórí ewé, mo sì fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ kí ọ̀rinrin má bàa tètè lọ. Mo ri ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ń wó, mo fi aṣọ àkísà so wọ́n rọra.

Ẹ wo bó ṣe ń yọ ẹ̀ka. Níbi tí igi bá ti pín sí méjì, òdòdó kan á yọ ní oríta náà gan-an. Ẹ̀ka méjèèjì á tún pín, òdòdó á tún yọ ní oríta tuntun. Gbogbo oríta ló ní èso tirẹ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi gé orí rẹ̀ bí àwọn kan ṣe ń gé ti tòmátì. Ẹ̀ka tí ẹ bá gé, èso ni ẹ gé. Òdòdó náà lè dá ara rẹ̀ lóyún láìsí ẹlòmíràn, àmọ́ oyin máa ń bẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀.

Ní ti kòkòrò, ihò wẹ́wẹ́ ni mo kọ́kọ́ rí lára ewé, bíi pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un, tata sì tún wá jẹ etí rẹ̀. Mo gún ewé dóńgóyárò, mo rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, mo sẹ́ ẹ, mo fi ọṣẹ díẹ̀ sí i kó lè lẹ̀ mọ́ ewé, mo wọ́n ọn nírọ̀lẹ́. Dóńgóyárò pọ̀ ní ìhà àríwá débi pé kò sídìí láti ná owó sórí oògùn kòkòrò. Ṣùgbọ́n mo yẹra fún ibi tí mo ti gbin tòmátì lọ́dún tó kọjá, torí àìsàn gbòǹgbò àti kòkòrò kan náà ló ń bá ẹbí wọn jà. Ẹni tó bá rántí ọdún 2016, nígbà tí kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta run oko tòmátì ní Kaduna débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde pàjáwìrì, á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré.

Níbi kíkórè, ẹ ká ọwọ́ sẹ́yìn. Koropọ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń já. Bí ó bá pọ́n, èèpo rẹ̀ á gbẹ, á di àwọ̀ koríko, òun fúnra rẹ̀ á sì já bọ́. Mo tú àpò ìrẹsì, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ àwọn igi náà, láràárọ̀ ni mo sì ń ṣà á kí èèrà àti adìyẹ tó jí. Tí èèpo bá ṣì tutù, ẹ fi í sílẹ̀. Èso tí kò pọ́n korò, oró sì wà nínú rẹ̀ àti nínú ewé àti igi, ó lè da inú rú, pàápàá fún ọmọdé. Àwọn ìbejì kò gbà mí gbọ́ títí mo fi bó ọ̀kan tó pọ́n àti ọ̀kan tí kò pọ́n sórí àwo kan náà fún wọn: ọ̀kan rí bí ẹyin adìyẹ ní inú, ó ń dán, ọ̀kan rí bí ìgbá tútù. Láti ìgbà náà, ilẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wò.

Bí ó bá wà nínú èèpo rẹ̀, tó gbẹ, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí i nínú apẹ̀rẹ̀, ó lè lo ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìbàjẹ́. Tí a bá ti bó o, ó yẹ kí á jẹ ẹ́ kíákíá. Ó dùn, ó sì kan díẹ̀ ní ẹ̀yìn ahọ́n. Èyí tó pọ̀ jù ni mo sè pẹ̀lú ṣúgà àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ lórí iná kékeré, mò ń rò ó títí ó fi ki, a sì fi ń jẹ búrẹ́dì. Ìyàwó mi ní ṣúgà ni mò ń ṣòfò. Mi ò bá a jiyàn, àmọ́ ìgò náà kò pẹ́ kó tó ṣófo.

Láti ìparí Oṣù Kẹwàá, bí òjò ti ń lọ tí ọyẹ́ ń sún mọ́, ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, igi sì gbẹ. Ọdún kan ni ẹ̀mí rẹ̀, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò ìtọ́jú mọ́. Mo hú gbogbo rẹ̀, mo wo gbòǹgbò wọn bóyá kókó wà lára wọn, kò sí. Mo yan èso ńlá lára igi méjì tó so jù, hóró wọn wà nínú bébà báyìí, mo kọ oṣù sí i lára. Èyí tó fọ́n fúnra rẹ̀ á hù sáàárín tẹ̀tẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Èyí tó bá dára nínú wọn, màá lọ́ ọ. Èyí tó bá hù sínú gọ́tà, màá hú u dànù.