Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lo lẹ́ǹsì fún astigmatism

Ó ti sú mi láti máa rí àwọn tí ń gbé lẹ́ǹsì olówó ńlá wá bá mi pé kò ṣiṣẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe rà á ni kò tọ̀nà. Pé lẹ́ǹsì toric, èyí tí a ṣe fún astigmatism (ojú tí iwájú rẹ̀ kò tẹ̀ dọ́gba yíká, tí ìríran fi ń ṣe bàìbàì), ni ojú wọn nílò, wọ́n ti mọ̀; n kò ní í tún ìyẹn sọ.

Àkọ́kọ́, èyí tí ó ń bí mi nínú jù, ni kí ènìyàn mú ìwé àyẹ̀wò gíláàsì fi ra lẹ́ǹsì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Gíláàsì jìnnà díẹ̀ sí ojú, orí ẹyinjú gan-an sì ni lẹ́ǹsì ń jókòó sí, nítorí náà bí agbára gíláàsì bá ti kọjá 4.00, a gbọ́dọ̀ tún un ṣírò. Ìwé yẹn kò sì sọ bí lẹ́ǹsì yóò ṣe tẹ̀ tàbí fẹ̀ tó. Axis, ìyẹn igun tí lẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ kọjú sí lórí ẹyinjú, ló wá burú jù. Bí lẹ́ǹsì bá fi digirí 10 péré yí kúrò ní ipò rẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta iṣẹ́ tí ó ń ṣe lórí astigmatism ti lọ. Bí ó bá yí tó 30, kò sí èrè kankan mọ́. Ìpéǹpéjú oníkálukú ló ń ti lẹ́ǹsì síbi tí ó wù ú, ìdí nìyí tí a fi ń kọ́kọ́ fi lẹ́ǹsì ìdánwò sí ojú, tí a ń dúró bí ìṣẹ́jú 10 sí 15 kí ó fìdí kalẹ̀, kí a tó fi ẹ̀rọ wo ilà tín-ín-rín tí ó wà lára rẹ̀, èyí tí ó ń fi hàn bí ó bá yí. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti há ìwàásù mi yìí sórí, wọ́n sì máa ń bá mi parí rẹ̀.

Arábìnrin kan, òṣìṣẹ́ báńkì, ra ti oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nítorí pé wọ́n dín owó rẹ̀ kù. Bí a bá fi ojú wé ojú aago, ilà tí ó yẹ kí ó wà ní aago 6 wà ní aago 5. Ó ní, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ìka tì í padà.” Mo tì í. Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ilà sì padà sí aago 5. Àwọn tí ó tà á fún un kò dá kọ́bọ̀ padà.

Èkejì, ẹ má ṣe pààrọ̀ tọ̀tún mọ́ tòsì.

Ẹ má fi ọjọ́ kìíní dájọ́ lẹ́ǹsì: ìríran lè máa lọ kí ó máa bọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, pàápàá bí ẹ bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ wo tẹlifíṣọ̀n. Ẹ má fi ọwọ́ ra ojú. Ẹ má fi itọ́ fọ lẹ́ǹsì, ẹ má sì fi píọ̀ wọ́tà fọ̀ ọ́, nítorí pé omi tí ó dára fún mímu lè ní Acanthamoeba nínú, kòkòrò tí ó lè fọ́ ojú. Omi lẹ́ǹsì àná kò ṣe é bù tuntun lé. Ẹ dà á nù.

Bí ojú bá pọ́n, tí ó ń dùn, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń ta á, ẹ yọ lẹ́ǹsì lójú ẹsẹ̀, ẹ má kán oògùn tí aládùúgbò júwe sí i, kí ẹ sì mú lẹ́ǹsì náà àti ike rẹ̀ dání wá sí ilé ìwòsàn, nítorí pé a lè wá kòkòrò náà lára wọn.