Bí Tọkọtaya Ṣe Lè Fọwọ́ Ara Wọn Tún Ilé Amọ̀ Àtijọ́ Ṣe, Kí Wọ́n Tó Kùn Ún

Ilé tí èmi àti ọkọ mi ń gbé ní Ìbàdàn jẹ́ ilé amọ̀ tí bàbá ọkọ mi jogún lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀. Ní ìpele-ìpele ni wọ́n fi amọ̀ mọ ògiri rẹ̀, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì tó fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lójú. Irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta àti ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jogún rẹ̀ ni kò sì lówó tí wọn yóò fi wó o kọ́ tuntun. Ó lé ní ọdún kan tí a fi tún tiwa ṣe, ní ọjọ́ Sátidé àti ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, ibi tí agbára wa kò bá sì ká nìkan ni a ti pe bíríkìlà tàbí káfíńtà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ dán irú rẹ̀ wò mọ̀, kí ó tó ra garawa ọ̀dà kankan, ni pé omi ni à ń bá jà nínú ilé amọ̀. Ọ̀dà ló gbẹ̀yìn iṣẹ́, kò sì lè tún ohun tí omi ti bà jẹ́ ṣe.

Àwa náà kọ́kọ́ fi ìparí ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Kò ju oṣù méjì tí a kó wọlé lọ tí a fi kun pálọ̀, a sì fi ọ̀dà elépo, tí àwọn pẹ́ńtà ń pè ní gloss, kun ìdajì ìsàlẹ̀ ògiri, kí ó lè rọrùn láti nù nígbà tí àwọn ọmọ bá fi ọwọ́ ìdọ̀tí kàn án. Ó ń dán gbinrin. Nígbà tí òjò oṣù kẹfà dé, ọ̀dà náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà sí, nígbà tí ọkọ mi sì fi ìka tẹ ọ̀kan nínú ibi tó wú, omi ṣàn jáde. Ògiri amọ̀ máa ń fa ọ̀rinrin láti inú ilẹ̀, ó sì máa ń tú u jáde láti ojú rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá ń kàn án. Àwa ti fi ọ̀dà elépo dí gbogbo ojú náà pa. Owó gloss yẹn ni mo ń pè ní owó ilé ìwé wa.

Bí ilé náà bá jẹ́ ti ẹbí, ọ̀dọ̀ ẹbí ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ bíríkìlà. Ẹ jókòó ti àwọn àgbà, ẹ sọ ibi tí ẹ fẹ́ fọwọ́ kàn, kí ẹ sì kọ ohun tí gbogbo yín bá fẹnu kò sí sílẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ nìkan ni èyí. Nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ wa, inú yàrá tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń sin òkú àgbà sí, ẹni tó bá sì gbé díágà lé ilẹ̀ láìbéèrè lè kan ohun tí kò rò. Àbúrò bàbá ọkọ mi ló sọ fún wa pé, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ tún ibi tó bá wù yín ṣe, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́ ilẹ̀ yàrá ẹ̀yìn yẹn o, ibẹ̀ ni bàbá wa wà.” Gbólóhùn kan yẹn gbà wá lọ́wọ́ ohun tí owó kò lè tún ṣe.

Lẹ́yìn èyí, ẹ dúró de òjò. Nígbà tó bá ń rọ̀ dáadáa, kí ọ̀kan nínú yín gbé agbòjò, kí ó yí ilé náà po, kí ẹnì kejì sì máa wo inú yàrá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ wo ibi tí omi ń gbà jò láti òrùlé, ibi tí omi etí páànù ń já sí nílẹ̀ tó sì ń ta padà sára ògiri, àti ibi tí omi ń dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpìlẹ̀. Ẹ fi ẹfun sàmì sí gbogbo ibẹ̀. Bí àbàwọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, òrùlé ni kí ẹ fura sí. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ tó sì gòkè dé bí orúnkún, omi inú ilẹ̀ tàbí èyí tó ń ta láti ilẹ̀ ni.

Òrùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Iṣẹ́ yìí ni mo rò pé ó yẹ kí tọkọtaya fi sílẹ̀ fún káfíńtà, nítorí páànù tó ti dípẹtà kì í kìlọ̀ kí ó tó ya, ibi tí igi wà lábẹ́ nìkan ni ènìyàn sì lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ṣí i, ẹ ní kí wọ́n wo igi òrùlé bóyá ikán ti jẹ ẹ́, kí ẹ̀yin náà sì fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún férémù ilẹ̀kùn àti ti fèrèsé wò. Igi tí ọ̀bẹ bá wọlé sínú rẹ̀ bí ẹni gún ẹ̀kọ, igi náà ti tán.

Ilẹ̀ ló kàn. Láti ọdún dé ọdún ni erùpẹ̀ tí a ń gbá, ìdọ̀tí tí ọ̀gbàrá ń gbé wá àti ọ̀nà tí ìjọba ń gbé ga sókè máa ń bo ìsàlẹ̀ ògiri ilé àtijọ́, títí tí ilẹ̀ ìta yóò fi ga ju ilẹ̀ inú yàrá lọ. Àwa méjèèjì fi ṣọ́bìrì kó erùpẹ̀ kúrò yí ilé po, títí ilẹ̀ ìta fi lọ sílẹ̀ ju ti inú ilé lọ ní bí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan ó dín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a jẹ́ kí ilẹ̀ náà da gẹ̀rẹ́ kúrò lára ilé lọ sínú gọ́tà. Ẹ̀yìn ríro lásán ni iṣẹ́ yìí mú wá, ẹnikẹ́ni tó bá sì yà sílé wa kì í rí i láti yìn ín. Síbẹ̀, bí a bá ní kí n mú iṣẹ́ kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí a ṣe, òun ni n óò mú.

Nígbà tí omi bá ti dáwọ́ dúró, ẹ wá yíjú sí ògiri. Ẹ fi ìdí ọ̀bẹ tàbí ìka ọwọ́ máa kàn án láti òkè dé ilẹ̀. Ibi tó bá dún bí akèrègbè òfìfo, sìmẹ́ǹtì ojú rẹ̀ ti kúrò lára amọ̀, kò sì sí ọ̀dà tí yóò dì í mú. Ẹ gé e kúrò títí dé ibi tó bá le. Inú irú àlàfo yẹn ni àwọn alángbá ilé wa ń gbé, kì í sì í ṣe alángbá inú òwe. Ẹ gbá eruku ibẹ̀ nù, ẹ fi omi rin amọ̀ náà díẹ̀, kí ẹ tó fi àdàlù tí kò le jù dí i. Ilẹ̀ pupa tí a ti sẹ́, ìwọ̀n mẹ́wàá sí ìwọ̀n sìmẹ́ǹtì kan, ni a lò. Ọ̀pọ̀ bíríkìlà ni yóò fẹ́ fi sìmẹ́ǹtì púpọ̀ àti yanrìn dí i nítorí pé ó le, ṣùgbọ́n líle yẹn gan-an ni ìṣòro: amọ̀ máa ń wú díẹ̀ nígbà òjò, ó sì máa ń sún kì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, sìmẹ́ǹtì líle kì í bá a rìn, ó sì máa ń ya kúrò lára rẹ̀ bí èèpo. Bí ihò náà bá jìn, ẹ fi dí i lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ le kí ẹ tó lé òmíràn sí i.

Ní ti ògiri tó sán, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí orí àti ìdí ìlà náà, kí ẹ kọ déètì síbẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Èyí tí kò bá kọjá àmì, ẹ lè là á díẹ̀ kí ẹ sì dí i. Èyí tó bá ń gùn sí i, tàbí tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìka ń wọ inú rẹ̀, tàbí tí a ń rí ìmọ́lẹ̀ láti òdì kejì, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó mọ̀ nípa ìpìlẹ̀ ilé ni kí ẹ pè.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ha ọ̀dà àtijọ́, ewu méjì kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Àkọ́kọ́ ni òjé, tí òyìnbó ń pè ní lead. Ọ̀pọ̀ ọ̀dà elépo àtijọ́ ni òjé wà nínú rẹ̀. Amẹ́ríkà ti fi òfin dè é fún ilé gbígbé láti ọdún 1978, ṣùgbọ́n ó pẹ́ lórí igbá lọ́dọ̀ wa. Òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, eruku rẹ̀ ló sì burú jù. Nítorí náà, ẹ má fi sánpépà gbígbẹ ha ọ̀dà elépo tó wà lára ilẹ̀kùn àti fèrèsé àtijọ́. Ẹ wọ́n omi sí i, ẹ wọ ìbòmú tó fún mọ́ imú dáadáa, ẹ fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ dípò kí ẹ gbá a, kí àwọn ọmọ àti aláboyún má sì sí nítòsí. Èkejì ni àjà. Bí àjà ilé yín bá jẹ́ pátákó aláwọ̀ eérú tó le bí àwo, tí wọ́n sì ti kàn án mọ́bẹ̀ láti bí ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kí asbestos, ìyẹn fọ́nrán òkúta tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, wà nínú rẹ̀. Bí kò bá fọ́, ewu rẹ̀ kéré. Ẹ má ṣe gé e, ẹ má lu ú, ẹ má sì ha á. Ẹ rọra fi ọ̀dà olómi kùn ún bó ṣe wà.

Èbu dúdú tó bá wà lára ògiri kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ ọ̀dà, nítorí yóò tún yọ padà. Ẹ po bílíìṣì ìwọ̀n kan mọ́ omi ìwọ̀n mẹ́ta, ẹ fi kùn ún, ẹ fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó fi omi díẹ̀ nù ún. Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀, ẹ má sì po bílíìṣì mọ́ oògùn ìfọlé mìíràn rárá. Ní ti iyọ̀ funfun tó máa ń hù lára ògiri, búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ fi gbá a, nítorí omi yóò tún yọ́ ọ wọnú ògiri ni.

Ìdúró ló kù, òun ló sì ṣòro jù fún wa. Ibi tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ nílò bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ó tó ṣeé kùn. Láti mọ̀ bóyá ògiri ti gbẹ, ẹ gé ọ̀rá kan tó mọ́ gaara, tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ fi téèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́ ògiri fún ọjọ́ kan. Bí omi bá sẹ̀ sí inú ọ̀rá náà, níhà tó kọjú sí ògiri, ògiri kò tíì gbẹ. A ṣe èyí ní oṣù kẹsàn-án, omi sẹ̀. A tún ṣe é ní ìparí oṣù kọkànlá, yàrá mẹ́ta ti gbẹ. Àkókò yẹn, tí òjò ti lọ tí eruku ọyẹ́ kò sì tíì le, ni mo rò pé ó dára jù láti kunlé nílẹ̀ wa.

Nígbà náà ni kí ẹ wá ra ọ̀dà, kí ẹ sì fi ìṣirò rà á. Yàrá tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, tí ògiri rẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10, ní bíi 40 mítà oníhà-mẹ́rin ògiri láti kùn, lẹ́yìn tí a bá ti yọ ilẹ̀kùn kan àti fèrèsé méjì. Lítà ọ̀dà olómi kan, tí wọ́n ń pè ní emulsion, lè kun tó mítà mẹ́jọ lára ògiri tó jọ̀lọ̀, ṣùgbọ́n ògiri amọ̀ rí gbágungbàgun, ẹ fi mítà mẹ́fà ṣírò. Bí a bá kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, yóò gbà tó lítà 13 tàbí 14, èyí tí í ṣe bí ìdá méjì nínú mẹ́ta garawa lítà 20. Ọ̀dà olómi ni kí ẹ lò láti òkè dé ilẹ̀, kí ògiri lè máa mí. Ilẹ̀kùn, fèrèsé àti irin nìkan ni kí ẹ fi gloss kùn. Ẹ da garawa aláwọ̀ kan náà pọ̀ kí ẹ rò ó papọ̀, nítorí àwọ̀ garawa méjì kì í fi bẹ́ẹ̀ dọ́gba. Àwa jà lórí àwọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, títí a fi kun ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin sára ògiri kan náà, tí a ń wò wọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́ lábẹ́ gílóòbù. Èyí tí mo ń jà fún burú lálẹ́.

Kíkùn fúnra rẹ̀ kò gbà ju ọjọ́ Sátidé mẹ́ta lọ. Ẹ pa iná yàrá náà níbi mítà kí ẹ tó tú ojú ṣọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ la ọ̀dà àkọ́kọ́ pẹ̀lú omi díẹ̀, kí ó lè wọ ara ògiri. Àjà ni kí ẹ kọ́kọ́ kùn, lẹ́yìn náà ògiri, kí ilẹ̀kùn àti fèrèsé gbẹ̀yìn. Kí ẹnì kan máa fi búrọ́ọ̀ṣì kun igun àti etí, kí ẹnì kejì máa fi róólà tẹ̀ lé e kí etí náà tó gbẹ, nítorí ibi tí ọ̀dà gbígbẹ bá ti pàdé tútù ni ìlà máa ń hàn sí. Níbi yìí ni ènìyàn méjì ti dára ju pẹ́ńtà kan lọ. Ẹ fún un ní wákàtí mẹ́rin kí ẹ tó kun èkejì, gloss sì nílò odidi òru kan. Ní ìta, ẹ máa bá òjìji rìn: ẹ kun ìhà ìwọ̀-oòrùn láàárọ̀, kí ẹ kun ìhà ìlà-oòrùn nírọ̀lẹ́, nítorí oòrùn ọ̀sán máa ń gbẹ ọ̀dà kí ó tó lẹ̀.

Ẹ bu ọ̀dà tó kù sínú ìgò kan, kí ẹ kọ orúkọ àwọ̀ àti yàrá tí ẹ fi kùn sára rẹ̀. Tiwa wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. A kò tíì kun yàrá ẹ̀yìn. Ọ̀rá tí a lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀ ní oṣù kejì ṣì ń sẹ omi, nítorí pé a kò lè gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ láti mọ ibi tí omi náà ń gbà wọlé, nítorí náà a ṣí fèrèsé rẹ̀ sílẹ̀, a sì ń dúró de ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn.