Bí A Ṣe Ń Yan Mágásíìnì Ìhunṣọ àti Wúùlù Tó Bá A Mu

Àwòrán iwájú mágásíìnì ìhunṣọ ló máa ń fa ojú wa mọ́ra, òun náà ló sì máa ń gba owó lọ́wọ́ wa lásán. Súwẹ́tà tó gún régé lára ọmọge inú àwòrán kò sọ fún yín bóyá ọwọ́ yín ká iṣẹ́ náà, kò sì sọ bóyá irú wúùlù bẹ́ẹ̀ wà ní ọjà yín. Ojú ewé tí wọ́n ti ṣàlàyé iṣẹ́ ni kí ẹ máa fi mọ mágásíìnì tó dáa.

Ẹ ka iṣẹ́ kan tán kí ẹ tó sanwó

Ẹ mú iṣẹ́ kan ṣoṣo, kí ẹ kà á dé ìparí. Ó gbọ́dọ̀ sọ bí àyà aṣọ náà yóò ṣe fẹ̀ tó ní sẹ̀ǹtímítà, torí “kékeré” oníkálukú yàtọ̀. Ó gbọ́dọ̀ sọ ìwọ̀n abẹ́rẹ́ ní mílímítà, iye ojú ìhun tó wà nínú sẹ̀ǹtímítà 10, àti iye mítà tó wà nínú bọ́ọ̀lù wúùlù kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá sọ iye mítà, ẹ dá a padà sórí àtẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ ka iye iṣẹ́ tí ẹ lè hun fún ẹni tí ẹ mọ̀: ọmọ tuntun, ìyá àgbà tí òtútù ọyẹ́ ń mú, tàbí ẹ̀yin fúnra yín. Bí kò bá tó mẹ́ta, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ kò tilẹ̀ ní láti ná kọ́bọ̀. Mágásíìnì Knitty, tó bẹ̀rẹ̀ ní Kánádà lọ́dún 2002, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ata ṣe ń ta ni wọ́n fi ń díwọ̀n bí iṣẹ́ ṣe le tó, láti Mellow tí kò ta rárá títí dé Extraspicy. Vogue Knitting ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1932, ó dáwọ́ dúró, ó sì padà dé lọ́dún 1982; iṣẹ́ àwọn tí ọwọ́ wọn ti yá ló pọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ wo ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́

Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 8 ti Amẹ́ríkà jẹ́ mílímítà 5. Nọ́ńbà 8 nínú ìwé àtijọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ mílímítà 4, torí lọ́dọ̀ tiwọn, bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni abẹ́rẹ́ ń tín-ín-rín sí i. Mílímítà ni kí ẹ gbà gbọ́. Bí ẹ bá tún ń ṣe kúróṣé, ẹ ṣọ́ra: ohun tí Amẹ́ríkà ń pè ní single crochet ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní double crochet.

Ẹ̀dà àtijọ́ tí wọ́n ń tà ní ẹ̀dínwó dára púpọ̀, iṣẹ́ inú rẹ̀ kì í bàjẹ́. Kìkì pé ó ṣeé ṣe kí ilé iṣẹ́ má ṣe wúùlù tí wọ́n dárúkọ níbẹ̀ mọ́. Ẹ má wulẹ̀ máa wá orúkọ kiri.

Ẹ wá wúùlù tó nípọn bákan náà

Lára bébà tí wọ́n fi wé ọ̀pọ̀ wúùlù Amẹ́ríkà, ẹ ó rí nọ́ńbà láti 0 dé 7: 0 ló tín-ín-rín jù, 7 ló nípọn jù. Èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní DK (double knitting) ló jẹ́ 3. Bí wúùlù ọjà kò bá ní bébà lára, ẹ mú fọ́nrán wúùlù tí ẹ ti mọ bó ṣe nípọn tó dání. Ẹ wé e mọ́ rúlà láìfà á, kí ó kún sẹ̀ǹtímítà méjì, kí ẹ ka iye ìgbà tó yí i ká. Ẹ wé tọjà náà bẹ́ẹ̀. Bí iye wọn bá dọ́gba, wọ́n lè rọ́pò ara wọn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀ ni pé wọ́n ń ka bọ́ọ̀lù, wọn kì í ka mítà. Ká ní iṣẹ́ kan fẹ́ bọ́ọ̀lù 8, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 120: mítà 960 nìyẹn. Bí tọjà yín bá jẹ́ mítà 280, ẹ pín 960 sí 280, ó lé díẹ̀ ní mẹ́ta, ẹ ra mẹ́rin. Ẹ má fi gíráàmù ṣírò, nítorí òwú (cotton) wúwo ju ákírílíìkì, ìyẹn fọ́nrán àtọwọ́dá, lọ.

Ẹ mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é

Púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní wúùlù ní ọjà ilé kì í ṣe irun àgùntàn, títí kan Brazilian wool tí àwọn obìnrin fi ń dirí, ákírílíìkì ni. Bí ó bá rú yín lójú, ẹ gé fọ́nrán kékeré kan, ẹ fi ẹ̀mú mú un, kí ẹ gbé e sí iná lórí abọ́ omi. Ákírílíìkì á yọ́, á sì di kókó líle. Òwú á jó bí ìwé, eérú rẹ̀ á sì rọ̀. Irun àgùntàn á rùn bí irun orí tó ń jó, iná rẹ̀ á sì fẹ́ kú fúnra rẹ̀.

Fún aṣọ ọmọ ọwọ́, ákírílíìkì rọrùn láti fọ̀, ó sì tètè ń gbẹ, àmọ́ ẹ má fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná kàn án. Òwú tutù lára nínú ooru wa, ṣùgbọ́n ó máa ń fẹ̀ sí i bí a bá ti ń wọ̀ ọ́, nítorí náà ẹ má fi hun ọrùn aṣọ tó yẹ kó múni. Irun àgùntàn yẹ àwọn ará wa tó wà nínú òtútù Lọ́ńdọ̀nù àti Chicago. Omi gbígbóná àti fífọwọ́ra á mú kó sún kì, àyàfi tí bébà rẹ̀ bá sọ pé superwash ni.

Ẹ ra bọ́ọ̀lù kan, kí ẹ bẹ ẹni tó ń tà á kó bá yín fi ìyókù tó ní nọ́ńbà aró kan náà (ìyẹn èyí tí wọ́n pa láró pọ̀ nígbà kan náà) pamọ́. Ẹ gbé wọn síta, kí ẹ wo àwọ̀ wọn nínú oòrùn, kì í ṣe lábẹ́ iná ilé ìtajà.

Ẹ hun ìdánwò

Ẹ hun igun mẹ́rin tó fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá ka ojú tó wà nínú sẹ̀ǹtímítà 10 láàárín rẹ̀. Bí mágásíìnì bá ní 22 tí ẹ̀yin sì rí 20, ojú yín tóbi jù: aṣọ olójú 110 tó yẹ kó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 50 á di 55, iwájú àti ẹ̀yìn á sì fi sẹ̀ǹtímítà 10 lé. Ẹ mú abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín sí i. Bí ẹ bá rí 24, ẹ mú èyí tó nípọn sí i. Ìgbà tí iye náà bá ṣe rẹ́gí ni kí ẹ padà lọ ra ìyókù, kí ẹ sì so bébà wúùlù mọ́ ìdánwò náà, nítorí ibẹ̀ ni ẹni tí ẹ bá fún ní aṣọ yóò ti mọ bí a ṣe ń fọ̀ ọ́.