Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Mọ́tò Asáré Tí Ẹ Háyà Gbádùn Ọ̀nà Etí Òkun

Kí ẹ tó ronú kan mọ́tò rárá, ọwọ́ tí òkun máa wà ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Àwọn kan máa ń náwó gọbọi sórí mọ́tò, wọn á wá wà á gba ìdàkejì, bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ níwájú ni yóò máa dí wọn lójú títí ọ̀nà fi máa tán. Níbi tí wọ́n ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún, ẹ jẹ́ kí òkun wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín. Níbi tí wọ́n ti ń wakọ̀ lápá òsì, kó wà lọ́wọ́ òsì. Kò ní sí ọkọ̀ kankan láàárín ẹ̀yin àti omi, ẹ ò sì ní dábùú ọ̀nà kí ẹ tó lè yà wòran.

1. Ẹ mú ọ̀nà kan

Ní California, Highway 1 láti Carmel dé San Simeon, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1937, láti àríwá sí gúúsù ni kí ẹ gbà á. Great Ocean Road ní Ọsirélíà tó nǹkan bí kìlómítà 243. Àwọn sójà tó ti ogun àgbáyé àkọ́kọ́ dé ló là á láàárín 1919 sí 1932. Láti Torquay ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ní kùtùkùtù, kí oòrùn lè wà lẹ́yìn yín. Ní Gúúsù Áfíríkà, ẹ gba Chapman's Peak Drive láti Noordhoek lọ sí Hout Bay: kìlómítà 9 péré, kọ́nà 114! Bó bá jẹ́ tèmi, òun ni mo máa mú, torí kọ́nà ni irú mọ́tò yìí wà fún. Èyí tó wà ní Norway, Atlanterhavsvegen, kò ju kìlómítà 8 àti díẹ̀ lọ, afárá 8 ló sì wà lórí rẹ̀. Òkun wà lọ́tùn-ún lósì, nítorí náà ẹ lọ, kí ẹ sì tún padà.

Ẹ wádìí bóyá ọ̀nà ṣí. Òkè máa ń ya lu irú ọ̀nà báyìí. Lọ́dún 2017, òkè ya bo apá kan Highway 1, ó sì lé lọ́dún kan kí ọkọ̀ tó lè gba ibẹ̀ kọjá.

2. Ẹ háyà mọ́tò

Ẹ béèrè iye kìlómítà tí wọ́n fún yín lóòjọ́, torí ẹ máa sanwó lórí èyí tó bá lé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi mọ́tò háyà kì í fi mọ́tò asáré fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 25, wọ́n sì máa ń há owó ìdógò ńlá mọ́ inú káàdì báǹkì yín títí ẹ máa fi dá mọ́tò padà. Bí ẹ bá jẹ́ méjì tí ẹ fẹ́ máa gbà á wà, kí orúkọ ẹnì kejì wà nínú ìwé àdéhùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ lóṣòó síwájú mọ́tò náà ní ojúmọmọ. Ẹ fi ìka tọ abẹ́ bọ́ńpà láti ìgun kan dé ìkejì. Ibi tó bá ti ń ha yín lọ́wọ́, ẹ ya fídíò rẹ̀. Ẹ wo etí wíìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bó bá jẹ́ èyí tí òrùlé rẹ̀ ń ṣí, ẹ ní kí wọ́n ṣí i kí wọ́n tún pa á dé lójú yín. Bí òrùlé bá ká wọ bútù, àyè ẹrù ti dín kù nìyẹn, nítorí náà báàgì rírọ̀ ni kí ẹ gbé.

3. Ẹ jẹ́ kí mọ́tò náà mọ́ yín lára

Fún wákàtí àkọ́kọ́, ẹ rọra. Ẹ dán bíréékì wò níbi tí kò sí ọkọ̀. Imú mọ́tò asáré sún mọ́lẹ̀, nítorí náà níbi tó bá ti ga sókè lójijì, ẹ dagun gbà á.

4. Bí ẹ ṣe máa wọ kọ́nà

Ẹ tẹ bíréékì nígbà tí sítíárì ṣì dúró gbọọrọ, kí ẹ tó wọlé. Ẹ gbójú sí ibi tí ẹ máa gbà jáde, kì í ṣe etí bèbè. Bí sítíárì bá ti ń nà padà ni kí ẹ wá máa tẹná díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa gbọ́ bí ohùn ẹ́ńjìnnì ṣe ń ta sára òkúta. Ṣùgbọ́n bí iyanrìn tàbí omi bá wà lójú títì, ẹ má tẹná, ẹ̀yìn mọ́tò lè yọ̀. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, jíà kékeré ni kí ẹ fi dá a dúró, kí bíréékì má baà jóná.

5. Ẹ máa dúró

Awakọ̀ kò gbọdọ̀ máa wo òkun. Bí àwọn mìíràn bá ń tò sẹ́yìn yín, ẹ yà fún wọn; ní California, bí ọkọ̀ márùn-ún bá ti tò, òfin ni. Kí ẹ tó gun afárá Bixby lórí Highway 1, tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1932, tó ga ju mítà 75 lọ, àyè kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún tí ẹ lè yà sí. Ẹ dé ibẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sán, torí kùrukùru sábà máa ń bo etíkun yẹn láàárọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ ṣí òrùlé, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ó gbọ́ ìgbì nísàlẹ̀.