Bẹ́ ẹ ṣe lè di ọmọ ilé nínú ìjọ Presbyterian ní Skọ́tlándì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Glasgow, Aberdeen, Dundee tàbí Edinburgh, yálà ilé ìwé lẹ bá wá ni o àbí iṣẹ́ kíà, ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta tó ní ilé gogoro lórí tó wà ládùúgbò yín yẹn, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ ti Church of Scotland, Presbyterian sì ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ wa máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá lọ wọ bọ́ọ̀sì méjì ká tó débi táwọn èèyàn wa ti ń jọ́sìn. Mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ síbẹ̀ mọ́ o, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ yan ọ̀kan kẹ́ ẹ pa èkejì tì. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ àwọn aráàlú tẹ́ ẹ ń bá gbé, ẹ wọ ibẹ̀ lọ. Wọn ò ní fi ariwo gbà yín, kò ní sí "ẹ̀yin àlejò ẹ dìde ká kí yín." Tíì àti iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi ń gba èèyàn, ẹni tí ò bá mọ̀yẹn á ní wọ́n tutù.

Kẹ́ ẹ tó jáde nílé

Ẹ wo bọ́ọ̀dù ẹnu géètì tàbí wẹ́ẹ̀bù wọn fún aago ìsìn. Ọ̀pọ̀ ìjọ ló ti da pọ̀ báyìí, wọ́n ń ta ilé, mínísítà kan lè máa bójú tó ṣọ́ọ̀ṣì méjì mẹ́ta, torí náà ó lè jẹ́ 9:30 níbí kó jẹ́ 11:15 lọ́hùn-ún. Aago tí wọ́n bá kọ síbẹ̀, aago yẹn náà ni o. Gbogbo ìsìn ò ju bíi wákàtí kan lọ, ẹni tó bá pẹ́ fún ogójì ìṣẹ́jú bíi tilé, orin ìparí ló máa bá.

Aṣọ ò le rárá. Ìró àti bùbá, agbádá, jíǹsì, gbogbo ẹ̀ ló wọlé, àwọn ìyá àgbà wọn tiẹ̀ fẹ́ràn aṣọ wa, wọ́n á fọwọ́ kàn án wò. Tẹ́ ẹ bá wé gèlè tó ga, ẹ jókòó sẹ́yìn díẹ̀ ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sì wọ súwẹ́tà sábẹ́ torí ilé òkúta yẹn tutù, owó gáàsì sì wọ́n lójú wọn.

Inú ìsìn

Ẹnì kan máa kí yín lẹ́nu ọ̀nà, á fún yín ní ìwé orin, ẹ wá jókòó síbi tó bá wù yín. Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ máa ń kún, má bi mí pé kí ló fà á. Tó bá ku díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ìjọ, ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní beadle máa gbé Bíbélì ńlá wọlé, gbogbo èèyàn á dìde, á gbé e lọ sórí àga ìwàásù, mínísítà á wá máa tẹ̀ lé e bọ̀ lẹ́yìn. Bíbélì ló ṣáájú o, èèyàn ló tẹ̀ lé e. Tẹ́ ẹ bá ti mọ ìdí nǹkan kékeré yìí, ìyókù ò lè rú yín lójú mọ́.

Lẹ́yìn náà ìkéde, orin, àdúrà, ọ̀rọ̀ ṣókí fáwọn ọmọdé kí wọ́n tó kó wọn lọ sí Sunday school, kíka Bíbélì, ìwàásù, ọrẹ, àdúrà fún ayé àtàwọn aláìsàn, orin, àdúrà ìsúre. Wọ́n ń dìde kọrin, wọ́n ń jókòó gbàdúrà. Ẹnì kan ló ń gbàdúrà tí ìyókù á dákẹ́, kì í ṣe ká jọ máa bú u sáfẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí "Àmín" bá já bọ́ lẹ́nu yín, kò sẹ́ni tó máa lé yín jáde, àmọ́ tó bá ti di mẹ́wàá nínú ìwàásù kan ṣoṣo, mínísítà yẹn lè gbàgbé ibi tó kà dé.

Orin lẹ máa gbádùn. Sáàmù ni ìgbéraga wọn, kò sí ìsìnkú tí ẹ ò ní gbọ́ Sáàmù 23 lórí ohùn Crimond, abúlé kan ní Aberdeenshire ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ohùn tí wọ́n fi ń kọ Sáàmù 100, ẹ̀yin ọmọ Anglican àti Methodist ti mọ̀ ọ́n látilé, ẹ kàn máa kọ ọ́ lọ, kódà tẹ́ ẹ bá ń fi Yorùbá kọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Tẹ́ ẹ bá sì dé erékùṣù Lewis lọ́jọ́ kan, ẹ wá ìjọ tí wọ́n ti ń fi èdè Gaelic kọ Sáàmù. Kò sí ọ́gáànù, ẹnì kan á lé ìlà kan, gbogbo ilé á gbè é, oníkálukú á máa yí ohùn tiẹ̀ bó ṣe wù ú, á wá dà bíi pé omi òkun ń ru sókè. Lílé àti gbígbè, ṣé ẹnì kan ló máa kọ́ wa ní ìyẹn ni?

Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ló máa ń da àlejò láàmú, torí náà ẹ jẹ́ ká rọra. Ẹ má dìde lọ síwájú àfi tí mínísítà bá ní kẹ́ ẹ wá. Àwọn alàgbà ló máa gbé e wá bá yín níjòókòó. Búrẹ́dì ló máa kọ́kọ́ wá lórí àwo, ẹ mú díẹ̀ jẹ, ẹ wá fọwọ́ ara yín gbé àwo náà fún ẹni tó tẹ̀ lé yín, ẹni yẹn lè jẹ́ ìyá ẹni ọdún 85 tí ẹ ò rí rí, ìwọ lo fún un lóúnjẹ Olúwa, òun náà á fún ẹlòmíì. Èmi ò mọ ibi tó dùn ju ibẹ̀ lọ nínú ìsìn wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé ife gíláàsì tíńtín wá nínú tíréè. Ìjọ míì ń mu ún lójú ẹsẹ̀, ìjọ míì á dì í mú títí yóò fi kárí kí wọ́n tó jọ mu ún, torí náà ẹ wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Tẹ́ ẹ bá mu ún tán ẹ máa rí ihò kéékèèké lára pákó àga tó wà níwájú yín, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ki ife bọ̀, ẹ máa gbọ́ kò-kò-kò káàkiri ilé. Lọ́pọ̀ ibi, wáìnì náà ò ní ọtí nínú.

Láyé àtijọ́, ẹni tí àwọn alàgbà ò bá fún ní owó òjé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní token kò lè débi tábìlì yẹn. Lónìí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ràn Olúwa ni wọ́n ń pè.

Ọ̀rọ̀ tíì

Tẹ́ ẹ bá sáré jáde lẹ́yìn àdúrà ìsúre, ẹ ò tíì lọ ṣọ́ọ̀ṣì o. Ẹ tẹ̀ lé wọn lọ sí họ́ọ̀lù. Tíì, kọfí, bisikíìtì, shortbread, àti nǹkan dídùn kan tí wọ́n ń pè ní tablet tó dùn débi pé eyín yín á máa ké. Wọn ò ní gbé e wá bá yín níjòókòó, ẹ lọ bù ú fúnra yín, kẹ́ ẹ sì dúró síbi tí èèyàn wà. Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀, ẹ fara dà á.

Tí wọ́n bá gbọ́ pé Nàìjíríà lẹ ti wá, àwọn àgbà á dárúkọ Mary Slessor, ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìhunṣọ ní Dundee kó tó lọ sí Calabar lọ́dún 1876, ibẹ̀ náà ló wà títí ó fi kú ní 1915. Láti Sunday school ni wọ́n ti mọ ìtàn ẹ̀. Ẹ má bínú pé Calabar kọ́ lẹ ti wá, ẹ kàn rọra ṣàlàyé. Tẹ́ ẹ bá sì ṣe Boys' Brigade nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọdé, ẹ yáa sọ ọ́! Glasgow ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1883, bàbá kan á sì wà níbẹ̀ tó ṣì tọ́jú bẹ́líìtì tiẹ̀ dòní, ọ̀rọ̀ yín ò ní tán bọ̀rọ̀.

Tó bá di ìgbà bíi mélòó kan tẹ́ ẹ ti ń lọ, ẹ yọjú sí kíṣìnì, ẹ ní "ṣé kí n bá yín nu ife?" Ẹni tí wọ́n bá ti na aṣọ ìnu-abọ́ sí, ó ti wọlé nìyẹn, orúkọ yín á bọ́ sórí rota tíì kẹ́ ẹ tó mọ̀. Ẹ lè gbé chin-chin tàbí pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù wá. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ ohun tó wà nínú ẹ̀ sórí bébà, pàápàá ẹ̀pà àti wàrà, torí àwọn kan wà tí ẹ̀pà lè pa. Kí ata náà mọ níwọ̀n.

Ọ̀rọ̀ orúkọ máa ń nira fún wa. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ máa pe mínísítà ní orúkọ ẹ̀ gangan, bó tilẹ̀ ti hu ewú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Mrs tàbí Mr fáwọn àgbà títí wọ́n á fi sọ pé ó tó. Ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀, ẹ fi sílé, ẹ̀rù ló máa bà wọ́n, wọ́n á rò pé ẹ ṣubú.

Kò sí bíṣọ́ọ̀bù, kò sí Daddy G.O. Àwọn alàgbà, ọkùnrin àti obìnrin, pẹ̀lú mínísítà ló ń ṣàkóso ìjọ nínú ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní Kirk Session. Presbytery, ìgbìmọ̀ àwọn ìjọ agbègbè kan, wà lókè ìyẹn, General Assembly, ìpàdé gbogbo ìjọ wọn tí wọ́n ń ṣe ní Edinburgh nínú oṣù Karùn-ún, ló wà lókè pátápátá. Moderator tó ń darí ẹ̀, ọdún kan péré ló ń lò, á gbé e sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Látọdún 1966 ni obìnrin ti lè jẹ́ alàgbà, 1968 ni wọ́n gbà kí wọ́n jẹ́ mínísítà.

Iṣẹ́ ọnà, àti bánà tẹ́ ẹ lè ṣe

Ẹ má retí ère. Nígbà tí wọ́n kúrò nínú ẹ̀sìn Kátólíìkì bọ́ sí Protestant ní 1560, wọ́n kó àwọn ère jáde, ó sì pẹ́ títí di sẹ́ńtúrì 19 kí ọ́gáànù àti fèrèsé aláràbarà tó padà wọlé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí ohun tó dé lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí St Giles, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ní Edinburgh, kẹ́ ẹ wá áńgẹ́lì tó ń fun bagpipe nínú Thistle Chapel. Àga kékeré kan wà nínú St Giles náà tí wọ́n ṣe ní ìrántí Jenny Geddes, obìnrin tí wọ́n ní ó ju àga lu àlùfáà lọ́dún 1637 torí pé ọba fẹ́ fi ìwé àdúrà tuntun dandan lé wọn. Ní Paisley Abbey, ẹ gbójú sókè wo àwọn orí òkúta ìta, ọ̀kan jọ ẹ̀dá abàmì inú fíìmù Alien lóòótọ́. Ní erékùṣù Iona, mínísítà kan tó ń jẹ́ George MacLeod kó àwọn mínísítà àtàwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí ò ríṣẹ́ jọ láti 1938, wọ́n jọ ń tún ilé abbey, ilé àwọn mọ́ńkì àtijọ́, kọ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò dáadáa, torí báwọn èèyàn yìí ṣe ń di ọ̀rẹ́ nìyẹn, wọ́n á jọ ṣe nǹkan.

Tiyín lè jẹ́ bánà fún Pẹ́ńtíkọ́sì. Ẹ kọ́kọ́ tọrọ ààyè lọ́wọ́ mínísítà kó gbé e dé Session. Ẹ bi àwọn obìnrin Guild, ẹgbẹ́ tó ti wà láti 1887, bóyá wọ́n á bá yín dá sí i, wọ́n á bá yín dá sí i. Pupa ni àwọ̀ ọjọ́ yẹn (funfun ni ti Kérésì àti Àjíǹde, elése àlùkò ni ti Lẹ́ńtì, ewéko ni ti ọ̀pọ̀ Sunday tó kù), torí náà ẹ ra aṣọ kọ́tìn pupa tó nípọn, fífẹ̀ mítà kan, gígùn mítà méjì. Ẹ ṣa àjákù ankara tó ní pupa, ọsàn àti yẹ́lò, àwọn ọmọdé á gé e ní ahọ́n iná. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi àdìrẹ ṣe àdàbà, ẹ fọ̀ ọ́ títí omi ẹ̀ á fi mọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ aró á tú sára pupa. Aṣọ òkè tó ń dán, ẹ má gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e, òwú tó ń dán yẹn máa yọ́.

Bondaweb, gúlù orí bébà tí áyọ́ọ̀nù ń yọ́, lẹ máa fi lẹ̀ wọ́n mọ́ra kẹ́ ẹ tó rán an. Tẹ́ ẹ bá ń ya lẹ́tà sí ẹ̀yìn bébà ẹ̀, ẹ yà á lódìkejì, torí ó máa yí padà. Ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì ti tó, kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ga tó sẹ̀ǹtímítà 15 ó kéré tán, kẹ́ni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá lè kà á. Ẹ ṣẹ́ etí òkè bíi sẹ̀ǹtímítà 8, ẹ rán an kó ṣófo nínú kẹ́ ẹ lè ki ọ̀pá igi bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ ki ọ̀pá míì bọ ìsàlẹ̀ kó má baà máa ká sókè. Ìyá kan máa tú ibi tẹ́ ẹ rán kó tún un rán, ẹ jẹ́ kó tú u. Ẹ má kan ìṣó mọ́ ògiri o, ìjọba dáàbò bo ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé yẹn, ẹ bi wọ́n bóyá ìkọ́ tàbí ìdúró bánà wà nílẹ̀.

Ọrẹ àti fọ́ọ̀mù

Ọrẹ ò ní ariwo, àpò ìwé tàbí standing order (kí báńkì máa san án fún yín) ni, kò sẹ́ni tó máa kéde iye tẹ́ ẹ mú wá. Tẹ́ ẹ bá ń san owó orí, ẹ fọwọ́ sí Gift Aid, ìjọba á fi 25p lé gbogbo pọ́ùn kan. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ò sanwó orí, ẹ má fọwọ́ sí i. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá àwọn ọmọdé ṣiṣẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ wà nínú PVG, ètò ìjọba tí wọ́n fi ń yẹ èèyàn wò, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n fura sí yín, gbogbo èèyàn ló ń ṣe é.

Tó bá wù yín láti di ọmọ ìjọ, ẹni tí wọ́n ti ṣe ìsàmì fún, wọn ò ní tún un ṣe, ì báà jẹ́ omi tí wọ́n wọ́n sí i lórí nígbà tó wà ní ìkókó. Ẹ máa bá mínísítà jókòó bíi ìgbà mélòó kan, ẹ ó wá jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ yín níwájú ìjọ. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ìjọ níbòmíì lè gba ìwé wá látọ̀dọ̀ wọn. Tí iṣẹ́ bá sì gbé yín lọ sílùú míì, ẹ sọ fún akọ̀wé Session kó fún yín ní ìwé ìgbéra yín, lines ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, kẹ́ ẹ mú un fún ìjọ tuntun láàárín oṣù àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá débẹ̀.