Omi Ń Kán Nínú Yàrá Òkè Àjà: Òjò Ni àbí Ìrì?

Kí ẹ tó ná owó fún ẹni tó ń tún òrùlé ṣe, ẹ kọ́kọ́ mọ irú omi tó ń bá yín jà. Nínú ilé London tí wọ́n ti sọ òkè àjà di yàrá, èyí tí wọ́n ń pè ní loft, omi tó ń ba ògiri jẹ́ láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta kì í sábà jẹ́ òjò. Inú ilé ló ti ń wá. Ẹ̀wà tó lo wákàtí méjì lórí iná, aṣọ tí ẹ sá sórí radiator, ènìyàn mẹ́ta tó sùn sí yàrá kan: ọ̀rinrin gbogbo wọn ló ń bá afẹ́fẹ́ gbígbóná gòkè. Bó bá ti kan ibi tútù, ó di ìrì, bí ara ìgò omi ṣe ń làágùn tí a bá gbé e jáde nínú fíríìjì.

Bí yàrá bá wà ní 20°C, tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ rẹ̀ jẹ́ 60%, ìrì yóò sẹ̀ sára ohunkóhun tó bá tutù dé 12°C. Bí ọ̀rinrin bá wálẹ̀ sí 50%, ó di nǹkan bíi 9°C. Ẹ ra hygrometer kékeré kan, ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin afẹ́fẹ́, kí ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé. 40 sí 60% ló dára.

Ní òwúrọ̀ tí òtútù mú, tí òjò ò sì rọ̀, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ yọjú sẹ́yìn ògiri kúkúrú ẹ̀gbẹ́ yàrá. Ẹ wo ẹnu ìṣó tó yọ jáde lára igi òrùlé. Bí ìṣó kọ̀ọ̀kan bá gbé ẹ̀kán omi kan sẹ́nu, tó sì ti dógùn-ún, ìrì ni, torí òtútù ìta tètè ń gba ara irin wọlé ju ara igi lọ. Òjò kì í tàn ká báyẹn. Ojú kan ló ń gbà wọlé. Àmì rẹ̀ a máa pọ́n bíi tíì, etí àmì náà a ṣókùnkùn ju àárín lọ, a sì máa fẹ̀ sí i lẹ́yìn òjò oníjì. Ìdí siminí àti etí fèrèsé òrùlé ni kí ẹ ti wá a, ṣùgbọ́n omi lè tọ igi lọ jìnnà kó tó kán. Èyí tí kò bìkítà fún òjò tàbí òtútù, páìpù tàbí táńkì ni.

Bó bá ṣì rú yín lójú, ẹ fi téèpù lẹ fọ́ìlì mọ́ ògiri, kí etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dí pa. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, omi iwájú fọ́ìlì jẹ́ ti inú yàrá. Omi ẹ̀yìn rẹ̀, inú ògiri ló ti wá.

Fáànù ilé ìwẹ̀ ló ń jẹ̀bi jù. Ẹ tọ páìpù rẹ̀ dé òpin: ọ̀pọ̀ ni wọ́n kàn já sínú òkè àjà. Ìta gan-an ló gbọ́dọ̀ já sí. Kí fáànù náà lè fa lítà 15 afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí òwú tó ń dènà òtútù yí páìpù ká, kó sì dagẹ̀rẹ̀ síta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi inú rẹ̀ á ṣàn padà sórí fáànù.

Bí òrùlé bá ní felt àtijọ́, ìyẹn aṣọ tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ táìlì tí kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin jáde, kí àlàfo 50 mm wà láàárín felt náà àti òwú tó ń dènà òtútù, láti etí òrùlé dé ṣóńṣó. Ihò afẹ́fẹ́ etí òrùlé, 25 mm. Ti ṣóńṣó, 5 mm. Òṣìṣẹ́ tó fẹ́ ṣe dáadáa jù ló máa ń ki òwú díbẹ̀ fọ́fọ́. Ilé á móoru lóòótọ́, igi á sì máa jẹrà. Bí omi inú igi bá ti ju 20% lọ, ewu ti dé. Rọ́bà tó ń dènà ọ̀rinrin, ẹ̀yìn plasterboard, pátákó tí wọ́n fi bo ògiri inú, ni ààyè rẹ̀, níhà tó móoru. Kí ojú ìsopọ̀ gun ara wọn ní 150 mm, kí ẹ sì fi téèpù dì í. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fọ́n sábẹ́ òrùlé ńkọ́? Ẹ jìnnà sí i. Ó ń bo igi tó ń jẹrà mọ́lẹ̀, àwọn báńkì kan kì í sì yáni lówó lórí ilé tó bá ní in.

Ẹ sún wọ́dúróòbù kúrò lára ògiri ní 5 cm. Ẹ má kun ọ̀dà bo ibi tó ti bu dúdú. Ẹ fi oògùn tó ń pa èébu fọ̀ ọ́ kó gbẹ ná. Ayálégbé council tàbí housing association nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Awaab's Law, òfin tó ń dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ ọ̀rinrin ilé, lẹ́yìn láti October 27, 2025: bí ọ̀rinrin náà bá lè ṣàkóbá gidi fún ìlera, onílé gbọ́dọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10. Kí ẹ tó kọ̀wé sí wọn, ẹ ya fọ́tò ògiri náà, kí nọ́ńbà ojú hygrometer hàn nínú rẹ̀.