Bó o ṣe máa kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ kí wọ́n mọ ìgbà tí yábíìsì orí fóònù ti di ìfòòró

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, àtẹ̀yin òbí tí fóònù yín máa ń wà lọ́wọ́ ọmọ lálẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an. JSS 3 ni mò ń kọ́ níbí ní Òṣogbo, ohun tí mo sì ti rí ni pé tó o bá dúró síwájú bọ́ọ̀dù tó o ní lónìí a máa kọ́ nípa fífòòró ẹni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á kàn kọ ọ́ sí nóòtù ni, ó tán. Kò sẹ́ni tó máa rò pé òun lò ń bá wí, torí lójú tiwọn, "a kàn ń ṣeré ni mà."

Ibi "a kàn ń ṣeré ni" yẹn gan-an ni kó o ti bẹ̀rẹ̀.

Kọ́kọ́ sọ ìtàn ìlú wa fún wọn

Ọmọ Òṣogbo wo ni ò tíì gbọ́ ọ? Tìmẹ́hìn àtàwọn èèyàn ẹ̀ gé igi létí odò, igi wó sínú omi, ni ohùn bá jáde látinú odò pé Oṣó inú igbó, gbogbo ìkòkò aró mi lẹ ti fọ́ tán. Wá bi wọ́n: ṣé àwọn tó gégi rí ìkòkò kankan? Wọ́n á ní rárá. Ṣé ìkòkò fọ́ àbí kò fọ́? Kíláàsì mi pa rọ́rọ́ lọ́jọ́ yẹn, ọmọ kan tó jókòó lẹ́yìn ló ní "mà, bí WhatsApp náà ṣe rí nìyẹn, èèyàn ò ní rí ojú ẹni tó ń bá wí." Èmi ò tíì dárúkọ WhatsApp rárá o.

Fún wọn ní ìbéèrè mẹ́ta

Òun ni wọ́n á fi mọ̀ bóyá eré ni nǹkan kan àbí ìfòòró. Ṣé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é? Ṣé ó ń tún ara ẹ̀ ṣe? Ṣé agbára wọn dọ́gba?

Lórí mọ̀ọ́mọ̀, mo máa ń sọ fún wọn pé ìgbà àkọ́kọ́ lè jẹ́ àìmọ̀, àmọ́ tẹ́ni yẹn bá ti sọ pé ó ń dun òun, tó o tún ṣe é, o ti mọ̀ọ́mọ̀ nìyẹn. Lórí agbára, bi wọ́n pé eré kí lajá ń bá ẹkùn ṣe, ogójì ọmọ sí ẹyọ kan, eré wo nìyẹn?

Àpẹẹrẹ tí mo máa ń lò ṣẹlẹ̀ níṣojú mi, mi ò kàn ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ya fótò ọmọbìnrin kan níbi tó ti ń jẹ ẹ̀wà aganyìn, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀, epo ń kán lágbọ̀n ẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di sítíkà. Kò sí èébú kankan lára sítíkà yẹn. Àmọ́ kó máa sọ nǹkan nínú gúrùpù báyìí, sítíkà yẹn ni wọ́n fi ń dá a lóhùn, tọ̀sán tòru, títí kan ọjọ́ tó béèrè asáínmẹ́ǹtì. Ọmọ yẹn ò jẹun níléèwé mọ́. Èmi rò pé ààwẹ̀ ló ń gbà.

Kí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó fi sítíkà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré náà wà níbẹ̀, torí ẹ̀ẹ̀kan tiẹ̀ ni ìkejìlélógún fún ọmọ yẹn. Ẹni tó kàn fi ẹ̀rín sí i náà ńkọ́? Jẹ́ kí wọ́n jiyàn lé e lórí, má tètè dáhùn.

Lẹ́yìn náà, kọ ọ̀rọ̀ sí pépà kéékèèké kí wọ́n ṣa èyí tó jẹ́ ìfòòró sọ́tọ̀

Wọ́n dá gúrùpù sílẹ̀ fún gbogbo kíláàsì àyàfi ẹnì kan. Ẹnì kan fi orúkọ ọmọ mìíràn ṣí Facebook ó fi ń bú tíṣà. Àwọn méjì jà, wọ́n búra wọn, ó parí. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ìjà lásán ni, ó sì ṣe pàtàkì kí wọ́n mọ̀ ọ́n yàtọ̀, kí wọ́n má baà máa pe gbogbo aáwọ̀ ní ìfòòró.

Kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa ṣe

Kí wọ́n má fèsì. Kí wọ́n ya screenshot tí orúkọ àti déètì hàn nínú ẹ̀, kó tó di pé wọ́n block ẹni náà. Tí wọ́n bá report èèyàn lórí WhatsApp, ẹni yẹn ò ní mọ̀, àmọ́ tí wọ́n bá kàn block ẹ̀, wọ́n ṣì jọ lè wà nínú gúrùpù kan náà o, ìyẹn máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu. Kí wọ́n lọ sí Settings, Privacy, Groups, kí wọ́n yan My contacts, kí àjèjì má lè kàn fà wọ́n wọ gúrùpù. Fótò ìhòòhò ọmọdé ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ránṣẹ́ síbì kankan, kódà kó jẹ́ pé ẹ̀rí ni, àgbàlagbà ni kí wọ́n sáré lọ bá. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti wà ní Nàìjíríà láti 2015, wọ́n tún un ṣe ní 2024, àmọ́ má fi òfin bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù lásán ló máa bà wọ́n.

Sọ ẹni tí wọ́n máa wá bá

Tó o bá ń gbẹ́sẹ̀ lé fóònù ẹni tó wá fẹjọ́ sùn, kò sẹ́ni tó máa wá mọ́. Lẹ́yìn tí mo ṣe kíláàsì yìí tán, àwọn méjì wá bá mi nígbà bírèkì. Èkejì yọ fóònù látinú ìbọ̀sẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n. Mi ò bi í pé kí ló dé tó mú fóònù wá síléèwé. Mo ní kó jókòó, mo gba fóònù, a jọ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á látòkè.